Ṣọ́ọ̀kì ṣáájú sálẹ́ńsà: gbogbo owó tí mo ná sára Suzuki SV650S mi

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù April ni. Mo ti kọjá West Kingsdown, mo dojú kọ Wrotham lórí A20, ọ̀nà tí àwa tí à ń gun alùpùpù ní Kent, ní ilẹ̀ England, mọ̀ bí ẹní mọ owó. Oòrùn yọ, ilẹ̀ gbẹ, eré mi ò ju 50 máìlì ní wákàtí kan lọ. Ọkọ̀ kékeré kan yọrí láti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lápá òsì. Awakọ̀ rẹ̀ kọjú síbi tí mo ti ń bọ̀, síbẹ̀ kò rí mi. Ó bọ́ síwájú mi.

Mo fa bíréèkì. Ọwọ́ bíréèkì náà rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọn ìka mi tó kù lórí hándù. Iwájú alùpùpù rì lẹ́ẹ̀kan náà, ó kanlẹ̀, gbà! Láti ìgbà tó ti kanlẹ̀ yẹn ni táyà iwájú ò ti mọ ilẹ̀ mọ́, ó ń fò lórí ọ̀dà bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Mo dúró ṣá. Àyè tó kù láàárín èmi àti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà kò ju gígùn apá mi lọ. Obìnrin tó ń wà á sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀ mí títí, àwa méjèèjì sì ń gbọ̀n.

Ohun tó dùn mí jù nígbà tí mo délé ni pé ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń náwó sára alùpùpù yẹn kí ọ̀rọ̀ tó dà báyìí. Sálẹ́ńsà tuntun ni mo rà fún un. Ohùn ni mo rà, mi ò ra ìdúró.

Ọdún kan ti kọjá báyìí, mo sì ti fi í rin nǹkan bí 4,000 máìlì lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pọ́wà báìkì àtijọ́, tó wá ń wá ohun tí yóò fi sí i kí ó lè dùn gùn sí i, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tèmi. Màá sọ ohun tí mo rà, iye tí mo rà á, àti bó ṣe rí lábẹ́ mi. Èyí tí mi ò bá rà, mi ò ní fẹnu sí i.

SV650S ọdún 2001 ni. Mo rà á ní £1,150 lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní Maidstone, ó ti rin 31,000 máìlì. Suzuki gbé SV650 jáde ní 1999: ẹ́ńjìnnì 645 cc, sílíńdà méjì tó la ẹsẹ̀ bíi lẹ́tà V, agbára rẹ̀ tó nǹkan bí 70 họ́ọ̀sì páwà. Tèmi ṣì ń lo kábúrétọ̀. Ọdún 2003 ni wọ́n yí i sí fuel injection, èyí tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì láìlo kábúrétọ̀, tí wọ́n sì pààrọ̀ férémù rẹ̀. Lẹ́tà S tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ni pé ó ní ìbòrí níwájú, hándù rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, tí èèyàn á fi tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sá eré ìje. Wọ́n ṣe é kí owó rẹ̀ má bàa wọ́n. Ẹ́ńjìnnì àti férémù ni wọ́n da owó lé, ṣọ́ọ̀kì àti bíréèkì ni wọ́n fi mọ níwọ̀n, gbogbo ẹni tó bá sì ti gùn ún ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń fà láti ìsàlẹ̀, ó ń dún gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀ nínú àyà ẹni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju alùpùpù yòówù tí mo tíì gùn lọ.

Bàbá mi jẹ́ tíṣà ní Ìsẹ́yìn. Suzuki ni máṣíìnì tiwọn náà, kékeré, aláwọ̀ pupa. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì rẹ̀, wọ́n á tẹ táyà méjèèjì wò, wọ́n á tẹ bíréèkì wò, kí wọ́n tó tẹ ẹ́ńjìnnì rárá. Èmi ni mo máa ń gbé agolo kẹrosíìnì dání. Nǹkan tí mo rí ní gbogbo Sátidé fún ọdún bíi mẹ́jọ, mo wá dàgbà tán, mo gbàgbé ètò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Dartford ni mò ń gbé. Mi ò kì í gbé SV yìí wọ London, nítorí láti 29 August 2023 ni ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú ti ń sanwó, ti gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ London pátá, alùpùpù tí kò bá dé ìwọ̀n èéfín tí wọ́n ń pè ní Euro 3 sì ń san £12.50 lójúmọ́. Ọ̀nà Kent ni tiwa, lọ́jọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ sálẹ́ńsà, kí n lè gbé e jù sílẹ̀. £140, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé yóò fi họ́ọ̀sì páwà mẹ́fà kún agbára rẹ̀. Nígbà tó dé, irin tí a ó fi so ó mọ́ férémù kò bá ihò mu, fáìlì ni a fi ha á kó tó wọlé. Mi ò rí họ́ọ̀sì páwà kankan. Ohun tí mo rí ni pé kábúrétọ̀ kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ó wá ń ta pá-pá-pá nígbàkígbà tí mo bá tú ọwọ́ epo sílẹ̀. Tí mo bá tẹ ẹ́ńjìnnì láago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, fèrèsé mẹ́ta á ṣí ládùúgbò, ìyá àgbà tó ń gbé lódìkejì sì ń ṣàìsàn. Nígbà tí MOT dé, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin ní ká máa ṣe lọ́dọọdún, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà: NOT FOR ROAD USE, pé kì í ṣe fún ojú títì. Ó parí. Òfin MOT kò gba sálẹ́ńsà tó bá ní irú àkọlé bẹ́ẹ̀ lára, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ tó. Mo dá ti Suzuki padà sípò rẹ̀. Lóòótọ́, ti Suzuki wúwo jù ú lọ, mo sì mọ ìyàtọ̀ yẹn nígbà tí mo bá ń tì í wọ ṣẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn nìkan ni £140 mi rà.

Lẹ́yìn ọjọ́ Wrotham yẹn ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Gravesend, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tún alùpùpù ṣe níbí. Mo kí i tán, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bíréèkì yìí." Kò tilẹ̀ wo ibi tí bíréèkì wà. Ó kúnlẹ̀ síwájú táyà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Àbúrò, wá ka nọ́ńbà yìí fún mi."

Nọ́ńbà mẹ́rin ni, lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 0814. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2014 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ojú rẹ̀ ṣì jìn dáadáa, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Bàbá tó tà á fún mi kì í gùn ún lọ títí, kò sì rí ìdí tí òun á fi pààrọ̀ ohun tí kò jẹ. Ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ti gan bí awọ gángan tó gbọ́ oòrùn. Ẹ̀gbọ́n ní, "Bíréèkì tó bá dára jù láyé, orí kí ni yóò dúró lé?"

Mo ra Michelin Road 5 méjì, iwájú 120/60, ẹ̀yìn 160/60 (nọ́ńbà tó ń sọ fífẹ̀ àti gíga táyà), £245 pẹ̀lú owó ìfisí. Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà iwájú yẹn o. 120/70 ni ọ̀pọ̀ pọ́wà báìkì ń wọ̀, òun ló sì máa ń wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù; ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni. Ó ga ju ti Suzuki lọ, ó ń gbé iwájú sókè díẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tẹ̀lé ìwé Suzuki. Mo sì ra ohun tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, nítorí 33 psi níwájú àti 36 psi lẹ́yìn ni ìwé wí, 24 ni mo bá níwájú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín táyà òkú àti táyà alààyè, mi ò ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́ tán. Alùpùpù náà fúyẹ́. Tí mo bá wo ibi tí mò ń lọ nínú kọ́nà, ó ti ń lọ síbẹ̀ kí n tó sọ fún un. Mo ti gbé e gba inú òjò gun Blue Bell Hill lóru pẹ̀lú rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Wàyí o, bíréèkì.

Rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà kọjá lára SV mi jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ti 2001. Rọ́bà tó bá ti darúgbó báyẹn, bí ẹ bá ti fa ọwọ́ bíréèkì, òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ wú. Agbára ìka yín tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ páàdì á parí sínú wíwú yẹn. Omi inú rẹ̀ dúdú bíi tíì tó ti dúró mọ́jú. Omi bíréèkì DOT 4 máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, omi tó wọ inú rẹ̀ á máa hó tí bíréèkì bá gbóná, ìhó yẹn á sì máa rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ ẹni.

Mo ti ṣètò ohun tí mo fẹ́ rà sórí fóònù mi. Mo fi han ẹ̀gbọ́n. Ó gba fóònù náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó nawọ́ sípánà sí mi. "Ṣé wàá wọ aṣọ tuntun lé ìdọ̀tí ni? Tú kálípà yẹn." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kẹ̀?" Ó ní, "Ìwọ ni. O mọ bí wọ́n ṣe ń rán ojú egbò, èyí ò le tó bẹ́ẹ̀." Kò gba kọ́bọ̀ owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lórí bíréèkì náà. Ó dúró tì mí láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́ta, ó ń dá oníbàárà míì lóhùn, ó tún ń padà wá wo ọwọ́ mi.

Kálípà méjì ló wà níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní písítìnnì méjì, irú èyí tó ń rọra yọ̀ lórí irin kéékèèké méjì kí páàdì méjèèjì lè di díísìkì mú dọ́gba. Àwọn irin tó yẹ kó yọ̀ yẹn ti gbẹ, ìpẹtà ti bò ó. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ṣe é. Páàdì apá kan ti jẹ tán, ìkejì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun. A fọ gbogbo rẹ̀, a pààrọ̀ àwọn rọ́bà kéékèèké inú rẹ̀, a fi gíríìsì tó yẹ sí i: £18 péré. A dá a padà, a da omi bíréèkì tuntun sí i, mo sì gùn ún yí àdúgbò ká pẹ̀lú rọ́bà àtijọ́ àti páàdì àtijọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà èyí gbọ́ mi dáadáa níbí: ìdajì àìsàn bíréèkì yẹn ti lọ, mi ò sì tíì ra ohun kan tó ní orúkọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ra okùn bíréèkì onírin híhun ti HEL, tí wọ́n ń ṣe ní Devon, £75, àti páàdì EBC HH fún apá méjèèjì, £58. H àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di nǹkan mú nígbà tó tutù, H kejì ń sọ ti ìgbà tó bá gbóná. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sókè nínú okùn tuntun náà, a fà á títí, kò jáde. Ẹ̀gbọ́n fi okùn so ọwọ́ bíréèkì mọ́ hándù pinpin, ó ní kí n lọ sùn. Nígbà tí mo fi dé lọ́jọ́ kejì, ìhó náà ti gòkè lọ fúnra rẹ̀, ọwọ́ bíréèkì le koko.

Ìka méjì ti tó mi báyìí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe pé ó lágbára, bí kò ṣe pé mo ń gbọ́ ohun tó ń sọ: mo mọ ìgbà tí táyà ń di ilẹ̀ mú, mo mọ ìgbà tó ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ má gùn ún lọ sójú ọ̀nà ńlá lọ́jọ́ tí ẹ fi sí i, páàdì tuntun nílò kí ẹ kọ́kọ́ fi wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kí ojú rẹ̀ tó bá ti díísìkì mu. HH sì máa ń jẹ díísìkì ju páàdì rírọ̀ lọ. Mo ti wọn díísìkì mi, ó ṣì nípọn, mo fara mọ́ ọn.

Bíréèkì tó dára yìí ló wá tú àṣírí ṣọ́ọ̀kì iwájú. Tẹ́lẹ̀, àfi tí mo bá fa bíréèkì tokuntokun bíi ti ọjọ́ Wrotham, kò sí agbára tó pọ̀ tó láti tẹ̀ ẹ́ rì kíákíá. Nísinsìnyí, tí mo bá ti fi ìka méjì kan bíréèkì, imú alùpùpù á wọlẹ̀, ìdí mi á gòkè, bí ẹni tó ń forí balẹ̀ fún ọba. Tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kanlẹ̀ tán, táyà ló kù tí yóò máa ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì, gálọ́ọ̀pù kékeré kan sì ti tó láti gbé e kúrò nílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Wrotham gan-an nìyẹn, mi ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Bí ẹ ṣe lè mọ bóyá sípíríǹgì yín rọ̀ jù, kò gba owó. Ẹ mú ìdè rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn oníwáyà iná fi ń di wáyà pọ̀, ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú níbi tó ń dán, ẹ sún un dé ibi rọ́bà tó dè é. Kí ẹni méjì gbé iwájú alùpùpù sókè títí ṣọ́ọ̀kì á fi nà tán, ẹ wọn àyè náà. Kí ẹ wá gùn ún pẹ̀lú gbogbo aṣọ àti akoto yín, kí ẹnì kan dì í mú lẹ́yìn, ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjèèjì ni bó ṣe rì lábẹ́ yín. Mìlímítà 30 sí 35 ni èèyàn ń fẹ́ lójú títì. Tèmi jẹ́ 48. Kílò 81 ni mí. Pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, bàtà àti akoto, mo ti di 90. Ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe sípíríǹgì yẹn fúyẹ́ jù mí lọ.

Mo ra sípíríǹgì K-Tech, 0.90, £99. Nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí pé sípíríǹgì kan gba kílò 0.90 kó tó rì ní mìlímítà 1. Ẹ má ra nọ́ńbà tí ọ̀rẹ́ yín rà. Ìwọ̀n ara yín ni kí ẹ rà. Mo sì fi emulator Race Tech kún un, £170, nítorí sípíríǹgì nìkan kọ́ ni ìṣòro. Nínú ṣọ́ọ̀kì yìí, ọ́ìlì kàn ń gba inú ihò kéékèèké lára ọ̀pá kan kọjá ni. Tí ṣọ́ọ̀kì bá ń rọra lọ, bí ìgbà tí a bá fa bíréèkì, ihò náà ti fẹ̀ jù, ọ́ìlì ń kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Tí gálọ́ọ̀pù bá sì gbá a lójijì, ihò kan náà ti kéré jù, ọ́ìlì ò rọ́nà gbà, ọwọ́ ẹni ló ń gbà á. Emulator jẹ́ fáàfù kan tó jókòó lórí ọ̀pá yẹn. Ó ń ti ọ̀nà mọ́ ọ́ìlì nígbà tí ó ń rọra bọ̀, ó ń ṣí i nígbà tí gálọ́ọ̀pù bá dé. Kó tó ṣiṣẹ́, ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ lu ihò ara ọ̀pá náà kó fẹ̀, kó sì da ọ́ìlì 15W sí i. Iṣẹ́ yìí ni mi ò dá dán wò. Ẹ̀gbọ́n gba £120, wákàtí mẹ́rin ló fi ṣe é.

Mi ò ní sọ pé ó dára lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀gbọ́n yí sípíríǹgì kékeré orí fáàfù yẹn le nígbà àkọ́kọ́, ọ̀nà Kent sì kún fún ibi tí wọ́n lẹ̀ ọ̀dà mọ́. Mo gùn ún lọ sí Sevenoaks, mo bọ̀, ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì ń ro mí débi pé mi ò lè di abẹ́rẹ́ mú dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo padà lọ. Ẹ̀gbọ́n kò jiyàn. Ó ṣí ìdérí òkè, ó yọ sípíríǹgì, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì gbé fáàfù méjèèjì jáde, ó dín in kù sí méjì, kò gba owó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo rà. Tí mo bá fa bíréèkì, iwájú á tẹrí ba níwọ̀nba, á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ mi. Nínú kọ́nà tó bá ní gálọ́ọ̀pù, tẹ́lẹ̀ ńṣe ni alùpùpù máa ń jó lọ sí ẹ̀gbẹ́. Báyìí, mo gbọ́ gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Tí mo bá ní láti mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo rà, yàtọ̀ sí táyà, òun ni màá mú.

Ti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, mo ra Hagon, £330, ohun tó wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi mí lórí fóònù ìwọ̀n ara mi, bóyá mò ń gbé èèyàn sẹ́yìn, bóyá mò ń di ẹrù, wọ́n sì fi sípíríǹgì tó bá mi mu sí i. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń fi ṣọ́ọ̀kì àlòkù láti ara Suzuki GSX-R síbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́rin èyí. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ yàtọ̀ láti ọdún kan sí òmíràn, ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó sanwó. Mo lè fi ọkàn balẹ̀ sọ pé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè fi èyí sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Nínú ohun tó kan agbára ẹ́ńjìnnì, ohun kan ṣoṣo ni mo lè gbè lẹ́yìn. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, irin eléyín tó ń fa ṣéènì, £16. Eyín 15 ló ní tẹ́lẹ̀, mo fi eléyín 14 sí i nígbà tí mò ń pààrọ̀ ṣéènì. Kò fi họ́ọ̀sì páwà kan kún un. Ohun tó ṣe ni pé gbogbo jíà kúrú sí i ní nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ́ńjìnnì wá ń tètè jí. Mo lè jáde nínú ráńdábáótì ní jíà kẹta tí mo ti ń lo ìkejì. Owó tí a ń san níbẹ̀ ni pé lórí ọ̀nà ńlá M20, tí mo bá wà ní 70 máìlì ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo bẹntiróòlù sì ń yára lọ díẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà ńlá, kó fi ti Suzuki sílẹ̀.

Kí n má gbàgbé: £45 tí mo san kí ẹ̀gbọ́n mú kábúrétọ̀ méjèèjì dọ́gba, kí wọ́n lè máa mí pọ̀, ó ṣe ẹ́ńjìnnì lóore ju sálẹ́ńsà £140 lọ. Ó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì máa yí tó ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti dẹ́kun.

Ohun kan tún wà tí gbogbo ẹni tó bá ní SV ti 1999 sí 2002 gbọ́dọ̀ mọ̀. Púlọ́ọ̀gì sílíńdà iwájú wà lẹ́yìn táyà iwájú gan-an. Tí òjò bá rọ̀, táyà á máa da omi lù ú, ihò kékeré tó yẹ kí omi náà gbà ṣàn jáde á sì dí pẹ̀lú ẹrẹ̀. Omi á dúró yí púlọ́ọ̀gì ká, alùpùpù á wá máa fi sílíńdà kan ṣoṣo rìn. Ó ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì lójú òjò, mo rò pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń tú ihò yẹn, kò gba kọ́bọ̀. Mo sì ra Fenda Extenda ti Pyramid, £30, pátákó rọ́bà tó ń fi kún gígùn mọ́dígáàdì iwájú. Láti ìgbà náà, òjò ò pa á lórí mi mọ́.

Ní ti fílítà afẹ́fẹ́ olówó iyebíye àti jet kit tí wọ́n fi ń yí ìwọ̀n epo kábúrétọ̀ padà, mi ò rà wọ́n, nítorí náà mi ò ní ṣe ìdájọ́ wọn. Fílítà Suzuki tuntun ni mo fi sí i. Mo tún pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, mo ka gbogbo ohun tí mo pààrọ̀ fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. £22 ni wọ́n fi kún owó ọdún náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún wọn. Mo ti rí aláìsàn ní wọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé irú nǹkan báyìí ni wọ́n fi kọ̀ láti sanwó rẹ̀.

Mo ti ro gbogbo owó rẹ̀ pọ̀. Tí a bá yọ sálẹ́ńsà kúrò, £1,206 ni, ó ju iye tí mo ra alùpùpù náà lọ. Ẹni tí kò bá ní tó bẹ́ẹ̀, táyà £245, bíréèkì £151 pẹ̀lú fífọ̀ rẹ̀, àpapọ̀ £396. Ẹ ṣe ìyẹn kí ẹ tó ra nǹkan mìíràn, kí ẹ sì máa gùn ún. Nígbà tí owó míì bá wọlé, ẹ wá ṣe ṣọ́ọ̀kì iwájú. Sálẹ́ńsà tí mo rà ṣì wà lórí ìṣó nínú ṣẹ́ẹ̀dì mi. Ẹnì kan fẹ́ rà á ní £60 lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì. Mi ò tà á fún un. Mo fún un ní ìdè rọ́bà kan, mo sì fi bí wọ́n ṣe ń wọn ṣọ́ọ̀kì hàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n di iwájú alùpùpù mú, ó fà á síwá, ó tì í sẹ́yìn, ó ní òun gbọ́ kọ̀-kọ̀ kan níbi ọrùn rẹ̀. Bẹ́ríǹgì ni. £35, mo ti rà á, ó wà lórí tábìlì ìdáná mi. Sátidé ni a ó tú u.